Asofẹ́yẹjẹ

Asofẹ́yẹjẹ, ọ̀rọ̀-orúkọ. Igi kékeré inú igbó tí oje rẹ̀ funfun bí wàrà, tí ewé rẹ̀ máa ń yọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí oríkèé kan ká, tí èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí ó bá gbó. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ewéko ni Rauvolfia vomitoria. A máa ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún igi náà fúnra rẹ̀, fún ewé rẹ̀, àti ní pàtàkì fún egbò rẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń wá kiri.

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Odidi gbólóhùn ni ó di orúkọ yìí. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe so, fún, ọ̀rọ̀-orúkọ ẹyẹ, àti ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ, èyíinì ni “ohun tí ó ń so kí ẹyẹ lè rí jẹ”. Nígbà tí fún àti ẹyẹ pàdé, fáwẹ̀lì ìparí fún ni a pa jẹ, ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó wà lórí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó bọ́ sórí ẹ àkọ́kọ́ nínú ẹyẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní -fẹ́yẹ-, tí kì í ṣe -fẹyẹ-. Àfòmọ́ a- yìí kan náà ni ó wà nínú apẹja àti akọ̀wé.

Kíkọ ọ́ pẹ̀lú ṣ, bí ẹni pé aṣofẹ́yẹjẹ ni, jẹ́ àṣìkọ. So tí igi ń so ni ó wà nínú orúkọ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti í wí pé “Ọsàn ìdí ilé wa so púpọ̀ lọ́dún yìí.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, a kì í sì í gé e sí méjì.

Orúkọ ewéko tí a ṣẹ̀dá láti inú gbólóhùn kò ṣọ̀wọ́n ní èdè Yorùbá. Pátanmọ́ ni a ń pe ewéko tí ń pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Àjẹ́kòbàlé ni igi tí a gbà pé àjẹ́ kò lè bà lé. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tí ewéko ń ṣe tàbí ohun tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í fi gbogbo ara sọ bí ó ti rí. Nínú ọfọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú orúkọ ewé ni a máa ń fi pe agbára rẹ̀ jáde, kókó tí Pierre Verger ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tí ó jáde ní Brazil ní 1995. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tó fún ọfọ̀ kò tó fún ẹni tí ó mú àdá lọ́wọ́ tí ó ń wá igi nínú igbó. Igi tí ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀ kò lóǹkà. Orúkọ nìkan kò lè fi asofẹ́yẹjẹ hàn án; àfi kí ó mọ àmì rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Igi náà kì í sábà ga ju mítà 8 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè rí èyí tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti dára. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn lè tó ẹ̀ka rẹ̀ láti ilẹ̀. Àmì márùn-ún ni ó yẹ kí a wò, kí a sì wò wọ́n pọ̀, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni oje. Bí a bá já ewé tàbí tí a bá ṣá èèpo igi náà, oje funfun yóò sun jáde. Èkejì ni bí ewé ṣe tò. Ewé rẹ̀ kì í yọ ní méjì-méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó máa ń yí oríkèé kan ká, nígbà mìíràn márùn-ún, wọn kì í sì í tóbi bákan náà. Ojú ewé náà ń dán, kò ní irun, ó fẹ̀ láàrin, ó tín-ín-rín lọ sí ìdí, orí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Ẹ̀kẹta ni oríkèé ẹ̀ka, tí ó máa ń wú, tí ó sì rí kókó-kókó níbi tí ewé àtijọ́ ti já kúrò.

Ẹ̀kẹrin ni òdòdó. Ó kéré, ó funfun pẹ̀lú àwọ̀ ewé díẹ̀, ó ń ta sánsán, ó sì máa ń wà ní òṣùṣù ní ìparí ẹ̀ka. Ìsàlẹ̀ òdòdó kọ̀ọ̀kan rí bí ihò fèrè kékeré, orí rẹ̀ sì pín sí márùn-ún. Ẹ̀karùn-ún ni èso, èyí tí orúkọ náà dúró lé lórí. Ó rí bí ẹyin kékeré, gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Àwọ̀ ewé ni ó ní nígbà tí ó bá wà ní tútù, á wá dà bí ọsàn tí ó pọ́n, á sì parí sí pupa. Ara rẹ̀ rọ̀, ó ní omi, kóró líle kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ ń gbé ara èso náà mì, ó sì ń ju kóró rẹ̀ sí ibòmíràn.

Ibi tí ó ń hù

A ń rí asofẹ́yẹjẹ láti Senegal dé Sudan àti Tanzania, àti lọ sí gúúsù títí dé Àǹgólà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe àárín ẹgàn ni a ti ń wá a. Ẹ̀bá igbó, etí ọ̀nà, oko tí a ti fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi, àti abẹ́ igi kòkó tí a kò ro mọ́ ni ó fẹ́ràn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń dé ibẹ̀. Ẹyẹ tí ó jẹ èso lórí igi kan á fò lọ bà sórí igi mìíràn, kóró á sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí asofẹ́yẹjẹ ṣe ń rìn nìyí. Nígbà tí a gbé igi náà dé erékùṣù Hawaii, tí kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbin ín kiri, títí tí a fi kà á sí ewéko tí ń gba ilẹ̀ mọ́ ewéko onílẹ̀ lọ́wọ́.

Ipò rẹ̀ láàrin àwọn ewéko

Ìmọ̀ ewéko a máa to igi sí ìdílé, ìran àti ẹ̀yà. Ìdílé ni ó tóbi jù. Ìran pọ̀ nínú ìdílé kan. Ẹ̀yà sì pọ̀ nínú ìran kan. Òdòdó àti èso ni a ń fi pín wọn jù lọ, nítorí ewé a máa yí padà bí oòrùn àti omi bá ti tó.

Ìdílé Apocynaceae ni asofẹ́yẹjẹ wà. Nínú ìdílé yìí kan náà ni ahùn, ìrè àti ìsá wà, ìsá tí àwọn ọdẹ ìgbàanì ń fi ṣe oró orí ọfà. Oje funfun ni ó so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀, oògùn líle àti oró sì pọ̀ láàrin wọn.

Ìran rẹ̀ ni Rauvolfia. Linnaeus ni ó fi orúkọ yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1753, ní ìrántí Leonhard Rauwolf, oníṣègùn ará Jámánì tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí Ìlà-Oòrùn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún láti lọ wo ewéko. Nítorí pé èdè Látìn kò ní w, v ni Linnaeus lò. Rauvolfia ni a gbọ́dọ̀ kọ bí ó bá jẹ́ orúkọ ìran ni à ń pè. Rauwolfia tí a ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn wá láti inú bí a ṣe ń kọ orúkọ oníṣègùn náà.

Ẹ̀yà rẹ̀ ni vomitoria. Orúkọ yìí jáde nínú iṣẹ́ Adam Afzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, tí ó sì gbé ní Sierra Leone ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún láti kó ewéko jọ. Ìtumọ̀ vomitoria ni “èyí tí ń mú ènìyàn bì”. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ méjèèjì lé ara wọn: èdè Yorùbá sọ ohun tí igi náà ń ṣe fún ẹyẹ, èdè Látìn sọ ohun tí ó ń ṣe fún ènìyàn. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan lè rò pé ohun tí ẹyẹ ń jẹ tí kò kú, ènìyàn náà lè jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn wà nínú ìran kan náà. Rauvolfia serpentina ti ilẹ̀ Íńdíà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Igi kúkúrú ni, èso rẹ̀ a sì máa dúdú nígbà tí ó bá pọ́n. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Rauvolfia caffra jẹ́ igi ńlá tí ó fẹ́ràn bèbè odò. Ẹbí asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe asofẹ́yẹjẹ.

Àwọn tí a máa ń ṣì mú fún un

Ahùn, Alstonia boonei, ni ó sún mọ́ ọn jù nígbà tí ó bá ṣì kéré. Òun náà ní oje funfun, ewé rẹ̀ náà sì ń yí oríkèé ká. Ṣùgbọ́n ewé ahùn máa ń tó márùn-ún sí mẹ́jọ lójú kan, ó ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ sí orí, orí náà sì rí róbótó dípò ṣóńṣó. Bí ó bá dàgbà, kò sí àṣìmọ̀ mọ́: igi gíga fíofío ni, èso rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó ń fì wálẹ̀ ní méjì-méjì. Nígbà tí ó bá gbẹ, á là, kóró onírun á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbin ahùn; ẹyẹ ni ó ń gbin asofẹ́yẹjẹ.

Ìrè, Funtumia elastica, ní oje funfun, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni ewé rẹ̀ ń yọ, èso rẹ̀ le bí igi, irun bí òwú sì wà lára kóró rẹ̀. Akọ dodo, Voacanga africana, jẹ́ igi kékeré bí asofẹ́yẹjẹ, ó sì ń hù ní irú ilẹ̀ kan náà. Méjì-méjì ni ewé tirẹ̀ náà ń yọ, èso rẹ̀ a máa so ní ìbejì, ó rí roboto, àwọ̀ ewé ni, ó sì ní àmì tótòtó funfun lára.

Níwọ̀n ìgbà tí ewé àti èso bá wà lórí igi, kò ṣòro láti ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí igi bá di egbò gbígbẹ lórí àtẹ. Egbò kò ní ewé, kò ní èso, oje rẹ̀ ti gbẹ. Ó korò, ṣùgbọ́n egbò tí ó korò pọ̀. Ẹnu ẹni tí ó tà á nìkan ni ẹ̀rí tí ẹni tí ó rà á ní. Nítorí náà ni àwọn àgbà oníṣègùn fi máa ń fẹ́ wú egbò fúnra wọn, tàbí kí wọ́n rán ọmọṣẹ́ tí ó ti mọ igi náà lójú.

Bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe ń fi ẹ̀rí ti orúkọ

Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, a kì í gba orúkọ gbọ́ láìsí ẹ̀rí tí ẹlòmíràn lè fi ojú rí. Wọn a gé ẹ̀ka kan tí ó ní ewé, òdòdó àti èso, wọn a tẹ́ ẹ sáàrin ìwé ìròyìn, wọn a fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Wọn a kọ ibi tí a ti gé e, ọjọ́, orúkọ ẹni tí ó gé e, bí igi náà ti ga tó, àwọ̀ òdòdó àti ti oje, nítorí àwọ̀ kì í dúró bí ewé bá ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi wé àwọn tí a ti mọ̀ ṣáájú.

Ní Nàìjíríà, ibi tí a mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí nípa igbó ọba ní Ìbàdàn. Lẹ́tà FHI ni ó ń ṣáájú nọ́ńbà ewéko tí a fi pamọ́ síbẹ̀. Bí ìwé ìwádìí kan bá sọ pé asofẹ́yẹjẹ ni òun yẹ̀ wò, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Orúkọ tí kò ní ẹ̀ka lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí egbò tí kò ní ewé.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìṣègùn

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo egbò asofẹ́yẹjẹ fún ìtọ́jú wèrè láti ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó ń mú kí ara aláìsàn tí ń jà rọlẹ̀, kí ó sì lè sùn. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo ń darí ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, oníṣègùn ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1960, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ṣe ń lo egbò yìí.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú egbò náà kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí a mọ̀ jù ni reserpine, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Basel ní ilẹ̀ Switzerland kọ́kọ́ yọ jáde ní 1952 láti inú egbò Rauvolfia serpentina ti Íńdíà. Asofẹ́yẹjẹ náà ní i, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn sì di ẹni tí ń ra egbò rẹ̀ láti Áfíríkà. Reserpine ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì ń mú ọkàn rọ̀. Ó ń ṣe èyí nípa títú àwọn èròjà tí iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ kúrò níbi tí ara kó wọn pamọ́ sí. Ara kì í tètè rí òmíràn fi rọ́pò wọn, nítorí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ fi ń pẹ́ nínú ara lẹ́yìn tí a bá ti ṣíwọ́ lílò rẹ̀. Èròjà mìíràn, ajmaline, ń ṣiṣẹ́ lórí bí ọkàn ṣe ń lù.

Ìlò ọ̀rọ̀

1. Fún igi náà lápapọ̀: Asofẹ́yẹjẹ ti hù bo oko tí Bàbá fi sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

2. Fún apá kan lára igi náà, a máa ń sọ apá yẹn ṣáájú: ewé asofẹ́yẹjẹ, èèpo asofẹ́yẹjẹ, egbò asofẹ́yẹjẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn, egbò ni a ń lò ju gbòǹgbò lọ. Òun náà ni ó wà nínú egbògi. Ìyá ẹlẹ́wé, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ní egbò asofẹ́yẹjẹ tí ẹ mọ ẹni tí ó wú u?

3. Ó yẹ kí a ya orúkọ náà sọ́tọ̀ kúrò lára gbólóhùn tí ó bí i. Igi tí ó ń so fẹ́yẹ jẹ pọ̀ nínú igbó, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo ni asofẹ́yẹjẹ. Bí a bá kọ ọ́ pọ̀, orúkọ ni. Bí a bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àpèjúwe lásán ni, ó sì lè bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi mu.

4. Bí a bá ń kọ̀wé fún àwọn tí ó lè lo ewé náà, kí a fi orúkọ Látìn tẹ̀lé ti Yorùbá lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Àwọn oníṣègùn náà lo asofẹ́yẹjẹ, Rauvolfia vomitoria, tí wọ́n gé ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Ìkìlọ̀

Èso tí ẹyẹ ń jẹ yìí kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn. Ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọdé láti má ṣe já a jẹ, nítorí àwọ̀ rẹ̀ a máa fà wọ́n mọ́ra. Egbò rẹ̀ ni ó lágbára jù. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè mú ènìyàn bì, kí ó mú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, kí ó sì mú kí ọkàn máa lù lọ́ra. Lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè mú kí ìbànújẹ́ wọ ènìyàn lára, tí kò sì ní mọ ibi tí ó ti wá. Ewu náà ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn, nítorí iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì yóò máa ṣe nínú ara rẹ̀. Kò yẹ kí aboyún lò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ fún ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lo egbò náà tí ó sì ń lọ sí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, kí ó sì mú ewé rẹ̀ dání bí ó bá ṣeé ṣe. Orúkọ lè ṣi ni lọ́nà, ṣùgbọ́n ewé mẹ́ta tí ó yí oríkèé kan ká ṣeé fi ojú rí.

Wo pẹ̀lú: ahùn, akọ dodo, egbògi, ìrè, ìsá, pátanmọ́.